Ohun Ọ̀gbìn àti Ẹbí Olú Nínú Ìgbé Ayé Wa Lójoojúmọ́

(Àròkọ Aṣàlàyé)

Nínú àròkọ aṣàlàyé, iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni láti mú ohun tí òun mọ̀ yé ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Kò sí àyè fún àbùmọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sí àyè fún ọ̀rọ̀ tí kò dá òǹkọ̀wé lójú. Kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ, ó yẹ kí a ṣe ìlapa èrò, kí àlàyé wa má bàa di àdàlú. Ìlapa èrò tí a tẹ̀ lé nínú àròkọ yìí nìyí:

(i) Ìfáàrà: ilẹ̀ ọ̀dàn Òkè-Ògùn
(ii) Bí ohun ọ̀gbìn ṣe ń rí oúnjẹ jẹ
(iii) Àwọn igi àti ohun ọ̀gbìn tí ó ń mówó wọlé: emi, irúgbá, òwú àti ẹ̀lú
(iv) Ohun tí olú jẹ́ àti ìdí tí kì í fi í ṣe ohun ọ̀gbìn
(v) Olú, ikán àti gbòǹgbò igi
(vi) Ẹbí olú nínú ilé ìdáná àti ní ilé ìwòsàn
(vii) Ewu tí ó wà nínú oúnjẹ tí ó bu
(viii) Bí a ṣe lè dáàbò bo ara wa
(ix) Ìgúnlẹ̀

ÀRÒKỌ

Bí ènìyàn bá wọ ọkọ̀ ní Ìsẹ́yìn tí ó ń lọ sí Ṣakí ní àkókò òjò, ohun tí yóò máa rí ní ọ̀tún àti ní òsì ni koríko gíga, igi tí ó dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, oko iṣu, oko àgbàdo, oko ẹ̀gẹ́, àti òkìtì ọ̀gán tí ó ga ju ọmọdé lọ. Bí ó bá tún gba ọ̀nà kan náà ní àkókò ọyẹ́, koríko yóò ti gbẹ, iná yóò ti jó apá kan rẹ̀, gbodo yóò sì wà lórí àpáta níbi tí àwọn obìnrin sá a sí. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni a ń pe irú ilẹ̀ báyìí. Òun ni ó gba Òkè-Ògùn kan, láti Ìsẹ́yìn dé Òkèhò, dé Ṣakí, dé Ìgbòho àti Kìṣí. Àwọn ará Ìbàdàn àti Èkó mọ agbègbè yìí gẹ́gẹ́ bí ibi tí iṣu, èlùbọ́ àti àgbàdo ti ń wá. Síbẹ̀, púpọ̀ nínú wa tí a ń jẹ oúnjẹ wọ̀nyí kò bi ara wa léèrè rí bí igi ṣe ń jẹun, ohun tí olú tí ń hù lẹ́yìn òjò jẹ́, àti ohun tí ń bo àgbàdo tí a kò sá gbẹ. Ìdáhùn sí àwọn ìbéèrè yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú ìwé lásán. Ìlera wa àti owó wa wà nínú rẹ̀.

Ohun gbogbo tí ó ní ẹ̀mí ni ó gbọ́dọ̀ jẹun. Ẹranko a máa rìn lọ wá oúnjẹ rẹ̀. Ohun ọ̀gbìn kò lè rìn, nítorí náà ibi tí ó dúró sí ni ó ti ń se oúnjẹ tirẹ̀. Ewé ni ilé ìdáná rẹ̀, oòrùn sì ni iná tí ó ń dá. Gbòǹgbò a máa fa omi láti inú ilẹ̀ gòkè lọ sí ara ewé. Àwọn ihò tín-tìn-tín tí ojú lásán kò lè rí wà lára ewé, ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ tí ènìyàn àti ẹranko mí síta ń gbà wọlé. Èròjà tí ó mú kí ewé ní àwọ̀ tútù ni ó ń gba agbára oòrùn, tí ó sì ń fi í pa omi àti afẹ́fẹ́ yìí pọ̀ di ṣúgà. Bí ewé ti ń ṣe iṣẹ́ yìí ni ó ń tú afẹ́fẹ́ mìíràn jáde, èyí tí a ń pè ní ọ́síjìn. Afẹ́fẹ́ yìí ni àwa náà ń mí sínú, òun sì ni ó ń mú wa wà láàyè.

Ohun ọ̀gbìn a máa fi apá kan nínú ṣúgà yìí dàgbà, a sì máa fi èyí tí ó kù pamọ́ di ọjọ́ mìíràn. Iṣu fi tirẹ̀ pamọ́ sínú ilẹ̀. Àgbàdo fi tirẹ̀ sínú hóró. Ẹ̀pà àti emi sọ tiwọn di òróró. Oúnjẹ tí ohun ọ̀gbìn tọ́jú fún ara rẹ̀ àti fún àwọn ọmọ rẹ̀ ni àwa ń kó wálé láti oko. Ìdí nìyí tí iṣu tí igi tàbí koríko bò mọ́lẹ̀ kì í fi í ta dáadáa: oòrùn kò dé ara ewé rẹ̀, kò sì rí oúnjẹ tó láti fi pamọ́.

Ìgbé ayé kò rọrùn fún igi ní ilẹ̀ ọ̀dàn. Òjò a máa bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹrin, a sì máa dáwọ́ dúró ní nǹkan bí oṣù kẹwàá. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀ẹ̀rùn yóò dé, tí iná ìgbẹ́ yóò sì máa jó kiri. Ohun ọ̀gbìn tí kò bá ní ọgbọ́n kò lè pẹ́ níbẹ̀. Àwọn igi kan ní èèpo tí ó nípọn, tí iná kò lè tètè jó wọnú. Àwọn mìíràn a máa wọ́wé dànù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kí omi ara wọn má bàa tán. Ewé iṣu a máa gbẹ, ṣùgbọ́n iṣu náà yóò sùn sínú ilẹ̀ títí di àkókò òjò. Koríko tí iná jó kò kú, nítorí pé ìdí rẹ̀ tí yóò tún rú wà nísàlẹ̀ ilẹ̀.

Ọgbọ́n mìíràn tún wà lára ẹ̀wà àti ẹ̀pà. Bí a bá fa ẹ̀pà tu, a óò rí àwọn kókó kéékèèké lára gbòǹgbò rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ lè rò pé àrùn ni. Kì í ṣe àrùn. Àwọn ohun ẹlẹ́mìí kan tí a ń pè ní bakitéríà ni wọ́n ń gbé inú kókó wọ̀nyí. Wọ́n ń gba náítírójìn láti inú afẹ́fẹ́, wọ́n sì ń sọ ọ́ di ajílẹ̀ fún ẹ̀pà. Ẹ̀pà pẹ̀lú ń fún wọn ní ṣúgà. Nítorí náà ni àgbàdo tí a gbìn sórí ilẹ̀ tí a ti gbin ẹ̀pà tàbí ẹ̀wà sí ní ọdún tí ó kọjá fi máa ń ṣe dáadáa. Ọ̀pọ̀ àwọn baba wa ni ó ń pààrọ̀ ohun tí wọ́n ń gbìn sórí ilẹ̀ kan náà kí ẹnikẹ́ni tó fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wo gbòǹgbò ẹ̀pà.

Nínú àwọn igi ọ̀dàn, emi jẹ́ ọ̀kan pàtàkì. Lára rẹ̀ ni a ti ń rí òrí. Èso rẹ̀ a máa pọ́n ní àkókò òjò, ara rẹ̀ sì dùn ún jẹ. Lẹ́yìn tí a bá jẹ ara rẹ̀ tán, àwọn obìnrin yóò se kóró rẹ̀, wọn yóò sá a gbẹ, wọn yóò pa á, wọn yóò yan án, wọn yóò lọ̀ ọ́, wọn yóò sì fi omi pò ó títí ọ̀rá yóò fi léfòó. Ọ̀rá yìí ni wọn yóò sè tí yóò di òrí. A ń fi òrí pa ara, a ń fi se oúnjẹ, a ń fi wo ara ríro. Ní òkè òkun, wọ́n ń lò ó fún ìpara àti ṣokoléètì. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà fi òfin dè é fún oṣù mẹ́fà pé kí a má ṣe kó kóró emi tí a kò tíì sọ di òrí lọ sí òkè òkun, kí èrè rẹ̀ lè kù sílé. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a mọ̀ pé emi lè lo nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í so. Ẹni tí ó gé e lulẹ̀ ní ọjọ́ kan láti fi sun èédú ti gé ohun tí ọmọ rẹ̀ ìbá máa fi jẹun.

Igi irúgbá pẹ̀lú kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Inú èso rẹ̀ tí ó gùn bí ẹ̀wọ̀n ni a ti ń rí hóró tí a fi ń ṣe irú. Ní Ìsẹ́yìn, ìlú tí a mọ̀ sí aṣọ òkè, ohun ọ̀gbìn méjì ni ó bí aṣọ ẹtù. Èkíní ni òwú, èkejì ni ẹ̀lú. Ewé ẹ̀lú ni a ń gún, tí a ń mọ ní ìṣù, tí a ń sá gbẹ, kí a tó rẹ ẹ́ sínú omi eérú fún ọjọ́ mélòó kan. Bí a bá kọ́kọ́ yọ òwú jáde láti inú ìkòkò aró, àwọ̀ rẹ̀ a máa dà bí ewé. Ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ sí i ni yóò di dúdú aró. Ó hàn gbangba pé oúnjẹ, aṣọ, ìpara àti owó ọjà wa ni ohun ọ̀gbìn rù.

Ẹ jẹ́ kí a wá yẹ olú wò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé irú ohun ọ̀gbìn kan ni olú, nítorí pé inú ilẹ̀ ni ó ti ń hù. Àwọn onímọ̀ pàápàá kà á mọ́ ohun ọ̀gbìn fún ìgbà pípẹ́. Ní ọdún 1969, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ R. H. Whittaker pín àwọn ohun ẹlẹ́mìí sí ọ̀nà márùn-ún, ó sì fún olú àti àwọn ìbátan rẹ̀ ní ọ̀nà tiwọn lọ́tọ̀. Nínú àròkọ yìí, ẹbí olú ni a óò máa pe gbogbo wọn.

Ìdí tí a fi yà wọ́n sọ́tọ̀ ni pé ẹbí olú kò ní ewé, kò ní èròjà aláwọ̀ ewé, kò sì lè fi oòrùn se oúnjẹ. Ohun tí ó bá ti kú tàbí tí ó wà láàyè ni ó ń jẹ: igi, ewé gbígbẹ, ìgbẹ́ màlúù, oúnjẹ, àní awọ ara ènìyàn. Kò ní ẹnu. Ó ń tú oje sí ara ohun tí ó fẹ́ jẹ, oje náà yóò sọ ohun náà di omi, yóò sì fà á mu. Bákan náà, èròjà kan tí ó mú kí èèpo ara kòkòrò le wà lára ẹbí olú, kò sì sí lára igi. Èyí wà lára ohun tí ó jẹ́ kí àwọn onímọ̀ sọ pé ẹbí olú sún mọ́ ẹranko ju igi lọ.

Olú tí a ń rí kì í ṣe gbogbo ara rẹ̀. Ara rẹ̀ gan-an ni àwọn fọ́nrán wẹ́wẹ́ funfun bí òwú, tí wọ́n ta kiri nínú ilẹ̀ tàbí nínú igi tí ó ń jẹrà. Bí èso ti jẹ́ fún igi ni olú jẹ́ fún fọ́nrán wọ̀nyí. Abẹ́ agboorùn rẹ̀ ni ẹ̀tù wẹ́wẹ́ tí ó jẹ́ irúgbìn rẹ̀ ń gbà bọ́ sílẹ̀, tí atẹ́gùn sì ń gbé kiri. Irúgbìn yìí wà níbi gbogbo: nínú afẹ́fẹ́ yàrá, lórí ilẹ̀, lára hóró àgbàdo, lára aṣọ wa. Ibi tí ó bá ti rí ọ̀rinrin àti oúnjẹ ni yóò hù sí. Kì í ṣe olú nìkan ni ó wà nínú ẹbí yìí. Ìwúkàrà wà níbẹ̀, ohun tí ń mú búrẹ́dì bu wà níbẹ̀, èyí tí ń fa làpálàpá sí orí ọmọdé náà wà níbẹ̀.

Bí kò bá sí ẹbí olú, igi tí ó bá wó kò ní í tètè jẹrà, ewé tí ó bọ́ yóò kàn máa gorí ara wọn ni, ilẹ̀ kò sì ní í rí ọ̀rá rẹ̀ gbà padà. Ní Òkè-Ògùn, a lè rí iṣẹ́ yìí lára òkìtì ọ̀gán. Ikán a máa kó igi gbígbẹ àti koríko wọ inú ilé wọn, ṣùgbọ́n àwọn ikán tí ń mọ ọ̀gán ńlá kò lè dá oúnjẹ líle yìí dà nínú. Wọn a fi ohun tí wọ́n jẹ mọ ebè kéékèèké nínú ilé wọn, wọn a sì gbin irú ẹbí olú kan sí i. Olú yìí ni yóò bá wọn jẹ igi náà rà, tí àwọn ikán yóò sì wá jẹ ẹ́. Àgbẹ̀ ni ikán, oko rẹ̀ sì wà nísàlẹ̀ ilẹ̀. Nígbà tí òjò bá rọ̀, olú inú oko yìí a máa yọrí jáde lára ọ̀gán tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn obìnrin àti ọmọdé a sì máa lọ tu ú fún ọbẹ̀. Irú rẹ̀ kan tí ó wà ní ilẹ̀ Sámbíà lè fẹ̀ tó mítà kan.

Àwọn baba ńlá wa kò fi ojú kékeré wo olú. Ní ọdún 1975, onímọ̀ kan, B. A. Oso, kọ àpilẹ̀kọ kan lórí olú àti àwọn Yorùbá, èyí tí a tẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn àwọn onímọ̀ nípa olú ní òkè òkun. Yorùbá mọ èyí tí a ń jẹ yàtọ̀ sí èyí tí ń pani. Ìmọ̀ yìí ṣe pàtàkì, nítorí pé àwọn olú kan wà tí wọ́n lè ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ kí ènìyàn sì kú. Kò sí àmì kan ṣoṣo tí a lè fi mọ olú olóró. Àwọ̀ rẹ̀ kò tó, òórùn rẹ̀ kò tó, pé kòkòrò jẹ nínú rẹ̀ kò sì tó. Ohun tí ó dára ni pé kí ọmọdé má ṣe jẹ olú tí àgbàlagbà tí ó mọ̀ ọ́n kò tíì fi ọwọ́ sí. Bí àgbàlagbà náà bá sì ṣiyèméjì, kí wọ́n dà á nù.

Àjọṣe mìíràn wà lábẹ́ ilẹ̀ tí ojú wa kò rí. Púpọ̀ jù lọ nínú àwọn ohun ọ̀gbìn ayé ni ẹbí olú kan ń bá gbé nínú gbòǹgbò wọn. Fọ́nrán rẹ̀ kéré ju gbòǹgbò lọ, nítorí náà ó lè wọ ibi tí gbòǹgbò kò lè wọ̀, yóò sì bá ohun ọ̀gbìn wá omi àti èròjà wá. Ohun ọ̀gbìn yóò fi ṣúgà san án padà. Àwọn baba wa ti sọ pé igi kan kì í dá igbó ṣe. Àní, igi kan pàápàá kì í dá wà lábẹ́ ilẹ̀.

Ẹbí olú wà nínú ilé ìdáná wa pẹ̀lú. Ìwúkàrà ni ó ń jẹ ṣúgà inú ìyẹ̀fun tí búrẹ́dì fi ń wú. Òun náà ni ó ń sọ omi dídùn inú ọ̀pẹ di ẹmu tí ń hó, òun ni ó sì ń sọ ọkà bàbà tí a rẹ tí ó hù di ọtí. Akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra níhìn-ín. Kì í ṣe gbogbo ohun tí ń kan ni iṣẹ́ ẹbí olú. Bakitéríà ni ó ń ṣe iṣẹ́ nínú irú. Nínú ògì, bakitéríà àti ìwúkàrà jọ ń ṣe é ni.

Ní ilé ìwòsàn, oore ẹbí olú kò kéré. Ní ọdún 1928, oníṣègùn kan tí ń jẹ́ Alexander Fleming rí i nínú yàrá iṣẹ́ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù pé ohun tí ó bu sínú àwo kan ti pa bakitéríà tí ó yí i ká. Láti ara ohun tí ó bu yìí ni a ti rí oògùn pẹnisílìnì. Florey àti Chain pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ni wọ́n sọ ọ́ di oògùn tí a lè lò, àwọn méjèèjì àti Fleming sì gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1945. Àìmọye ènìyàn ni oògùn yìí ti gbà lọ́wọ́ ikú.

Ṣùgbọ́n kò yẹ kí èyí mú wa rò pé ohun tí ó bu kò léwu. Ní ọdún 1960, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tòlótòló tí ó ju 100,000 lọ kú láàárín oṣù díẹ̀. Kò sí ẹni tí ó kọ́kọ́ mọ ohun tí ó pa wọ́n. Nígbà tí a wádìí rẹ̀, a rí i pé oúnjẹ tí a fi ẹ̀pà ṣe, tí wọ́n kó wá láti ilẹ̀ Bùràsíìlì, ni wọ́n jẹ, ẹ̀pà náà sì ti bu. Ẹbí olú kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Aspergillus flavus ni ó hù sí i, ó sì tú oró sínú rẹ̀. Láti inú orúkọ yìí ni a ti fa orúkọ oró náà yọ: aflatoxin.

Oró yìí kò mọ sí ara tòlótòló. Ní ilẹ̀ Kẹ́ńyà ní ọdún 2004, ènìyàn 317 ni àìsàn ẹ̀dọ̀ mú lẹ́yìn tí wọ́n jẹ àgbàdo tí ọ̀rinrin ti bà jẹ́, 125 nínú wọn sì kú. Èyí ni ikú òjijì. Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù ni èyí tí ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí ó bá ń jẹ oró yìí díẹ̀díẹ̀ fún ọdún púpọ̀ lè ní àrùn jẹjẹrẹ inú ẹ̀dọ̀. Nínú ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2002, a yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọdé 480 wò ní ilẹ̀ Benin tí ó múlé gbè wá àti ní ilẹ̀ Tógò. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ọmọ tí a kò rí àmì oró náà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, àwọn tí tiwọn sì pọ̀ jù ni wọ́n kúrú, tí wọ́n sì rù ju bí ó ti yẹ lọ. Àgbàdo àti ẹ̀pà tí àwọn ọmọ náà ń jẹ ni àwa náà ń jẹ.

Ohun tí ó mú kí ọ̀rọ̀ yìí le ni pé a kò lè fi ojú rí oró náà, a kò sì lè tọ́ ọ wò. Bí a bá nu ohun tí ó bu kúrò lára àgbàdo, oró ti wọ inú hóró lọ. Bí a bá sè é, bí a bá yan án, púpọ̀ nínú rẹ̀ yóò kù síbẹ̀. Ẹni tí ó bá lọ ẹ̀pà tí ó bu mọ́ èyí tí ó dára láti fi ṣe kúlíkúlí kò ṣe oore fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ó bá da àgbàdo bẹ́ẹ̀ fún adìẹ lè pàdánù adìẹ náà. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ni ó wà. Ohun tí ń ba àgbàdo jẹ́ pẹ̀lú, láti oko ni ó ti ń bá a bọ̀.

Báwo ni a ṣe lè dáàbò bo ara wa? Ọ̀nà kìíní ni kí a tètè kó àgbàdo kúrò lóko nígbà tí ó bá ti gbó, kí òjò má bàa máa pa á lórí ìdúró. Ọ̀nà kejì ni kí a sá a gbẹ dáadáa. Kí a má ṣe sá a sórí ilẹ̀ lásán, nítorí pé ọ̀rinrin àti irúgbìn ẹbí olú wà nínú ilẹ̀. Kí a tẹ́ tapólì tàbí ẹní, tàbí kí a ṣe pẹpẹ tí atẹ́gùn yóò máa gba abẹ́ rẹ̀. Bí òjò bá ṣú, kí a tètè bò ó. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí a ṣe sí gbodo, nítorí pé gbodo tí òjò pa kì í pẹ́ bu.

Ọ̀nà tí ó rọrùn wà láti mọ̀ bí àgbàdo bá gbẹ. Kí a mú ìgò gbígbẹ tí ó ní ìdérí, kí a da àgbàdo kún ìdá mẹ́ta rẹ̀ kan, kí a sì da iyọ̀ gbígbẹ díẹ̀ sí i. Kí a mi ìgò náà dáadáa, kí a sì fi í sílẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, omi ṣì wà nínú àgbàdo náà. Bí kò bá lẹ̀ mọ́ ọn, ó ti ń gbẹ, ṣùgbọ́n ó dára kí a tún sá a sí oòrùn sí i kí a tó kó o pamọ́.

Ọ̀nà kẹta ni kí a ṣa hóró tí ó fọ́, èyí tí kòkòrò lu, àti èyí tí àwọ̀ rẹ̀ yí padà kúrò, kí a sì dà wọ́n nù. Ọ̀nà kẹrin ni kí a tọ́jú àgbàdo sí ibi gbígbẹ, lórí igi, kì í ṣe lórí ilẹ̀. Àpò onípele mẹ́ta tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀ ń ṣiṣẹ́ gan-an. Kí a má ṣe bu oògùn apakòkòrò oko sínú èlùbọ́ tàbí ẹ̀wà tí a óò jẹ, nítorí pé ẹni tí ó sá fún oró kan kò gbọdọ̀ kó sínú òmíràn. Ọ̀nà karùn-ún ti ọ̀dọ̀ àwọn onímọ̀ wá. Ní ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IITA, tí a dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1967, wọ́n bá àwọn onímọ̀ Amẹ́ríkà ṣe ohun kan tí a ń pè ní Aflasafe. Wọ́n wá irú Aspergillus flavus tí kò ní oró, wọ́n sì fi í sára hóró ọkà bàbà tí a ti yan. Bí a bá fọ́n kílò mẹ́wàá rẹ̀ sí oko hẹ́kítà kan ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kí àgbàdo tó yọ òdòdó, èyí tí kò ní oró yóò gba ilẹ̀ mọ́ èyí tí ó ní oró lọ́wọ́. Ẹbí olú ni wọ́n fi lé ẹbí olú.

Ní ìparí, a ti rí i pé ohun ọ̀gbìn ń fi oòrùn se oúnjẹ fún ara rẹ̀ àti fún wa, àti pé ẹbí olú ń jẹ ohun tí ó kù, ó sì ń dá ọ̀rá padà fún ilẹ̀. Ẹbí olú kan ń bọ́ ikán, òmíràn ń wú búrẹ́dì, òmíràn fún wa ní pẹnisílìnì, òmíràn sì ń pa ènìyàn láti inú àpò àgbàdo. Ẹni tí ó mọ̀ wọ́n yóò gba oore wọn, yóò sì yẹra fún ewu wọn. Nítorí náà, kí a dá emi àti irúgbá sí, kí a má ṣe jẹ olú tí a kò mọ̀, kí a sì sá àgbàdo, ẹ̀pà àti gbodo wa gbẹ. Ọjọ́ méjì sí mẹ́ta sí i nínú oòrùn kò pọ̀ jù láti fi gba ẹ̀dọ̀ ọmọ wa là.

ÀKÍYÈSÍ FÚN AKẸ́KỌ̀Ọ́

1. Kíyè sí i pé òǹkọ̀wé ṣàlàyé ohun tí ń jẹ́ ẹbí olú kí ó tó sọ oore àti ewu rẹ̀. Má ṣe lo ọ̀rọ̀ tí ó ṣòro láìjẹ́ pé o ti túmọ̀ rẹ̀ fún òǹkàwé.
2. Òwe méjì péré ni ó wà nínú àròkọ yìí, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì bá ibi tí a lò ó mu. Kíkó òwe jọ kì í mú kí àròkọ aṣàlàyé dára.
3. Níbi tí ọdún tàbí iye bá dá ọ lójú, kọ ọ́. Bí kò bá dá ọ lójú, fi í sílẹ̀.

IṢẸ́ ṢÍṢE: Kọ àròkọ aṣàlàyé lórí ọ̀kan nínú àwọn wọ̀nyí: (a) Bí a ṣe ń ṣe òrí, (b) Bí a ṣe ń ṣe èlùbọ́, (d) Ewu tí ó wà nínú gígé igi fún èédú.